Sípíríǹgì iwájú píkọ́ọ̀pù: bẹ́ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀ kẹ́ẹ tó sanwó

Ẹyin ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹyin adìyẹ ni mò ń wí o, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń kà á. Oko wa wà lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta ni mo máa ń gbé ẹyin lọ láàárọ̀, àga ẹ̀yìn Hilux ni kíréètì máa ń jókòó sí torí pé oúnjẹ adìyẹ ló máa ń kún bọ́dì lẹ́yìn. Mo so bull bar (irin ńlá tó ń dáàbò bo iwájú ọkọ̀) mọ́ ọkọ̀ náà, imú ẹ̀ wá sọ̀ díẹ̀, mo bá gba ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta páàtì tòkunbọ̀ lọ. Kò béèrè ju "kí lẹ máa ń kó?" lọ, mo ní oúnjẹ adìyẹ ni, àpò 24 lẹ́ẹ̀kan, ó ní "háà, ọ̀gá mi, èyí tó le jù lẹ máa gbé". Mo gbé e. Wọ́n bá mi dè é. Imú ọkọ̀ gbéra sókè bí imú ajá tó gbóòórùn súyà, inú mi ń dùn, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Àsẹ́rò lásán, kíréètì mẹ́ta ti fọ́ yángá, omi ẹyin ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ́ wọ abẹ́ àga, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ fi ń rùn. Gbogbo bọ́m̀pù tí mo bá gùn, iwájú á dún "pọ́ún!" bíi pé ẹnì kan ń fi òòlù lu ṣásì.

Ẹni tó tà á fún mi ò yàn mí jẹ o. Ìbéèrè tó bi mi ni kò tọ̀nà, èmi náà ò sì mọ èyí tó yẹ kí n bi í. Látìgbà yẹn mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì rọrùn ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Téèpù, vernier (irin ìwọ̀n elẹ́nu tó ń mọ bí nǹkan ṣe nípọn tó), jáàkì àti sítáńdì ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, kakuléítọ̀ orí fóònù, ọ̀sán kan pére. Ó parí.

Gíga yàtọ̀ sí líle

Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí kí ọwọ́ tó kan sípánà, torí ibẹ̀ gan-an lowó ń bá lọ. Nǹkan méjì lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa sípíríǹgì: bó ṣe gùn tó nígbà tí ohunkóhun ò tẹ̀ ẹ́, àti bó ṣe le tó. Líle ni iye agbára tó máa gbà kó tó wọlé ní mìlímítà kan. Tí wọ́n bá ní 92 N/mm, gbogbo mìlímítà tó bá wọlé, newton 92 ló ti gbà, ìyẹn kílò mẹ́sàn-án lé díẹ̀. Ọjà tó bá ti Amẹ́ríkà wá, lb/in (pọ́ùn sí ínṣì kan) ló máa ń wà lára ẹ̀, ti Japan sì máa ń jẹ́ kg/mm, kẹ́ẹ má bàa gbé èyí fún ìyẹn, 1 kg/mm jẹ́ 9.81 N/mm, ó sì jẹ́ 56 lb/in. Nítorí náà 92 N/mm yẹn kan náà ni 9.4 kg/mm, òun kan náà ni 525 lb/in. Ẹ kọ ọ́ sí fóònù.

Sípíríǹgì tí mẹkáníìkì bá ní ó ti wíìkì, gígùn ẹ̀ ló dín kù, kì í ṣe líle ẹ̀. Irin ẹ̀ ò tín-ín-rín sí i, òrùka ẹ̀ ò pọ̀ sí i, àfi tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, líle ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kúrò níléeṣẹ́, ó kàn jókòó ni. Tí imú ọkọ̀ yín bá sọ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì ń rìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń rìn, tí kì í gbá bump stop (rọ́bà tó ń dá táyà dúró tó bá gòkè tán), èyí tẹ́ẹ nílò ò ju sípíríǹgì tuntun tí líle ẹ̀ jẹ́ iye kan náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi heavy duty kankan dẹ́rù bà yín.

Àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n máa ń ṣe lójú títì ńkọ́? Tí wọ́n bá gé òrùka kan kúrò, sípíríǹgì á kúrú, á sì tún le sí i, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ àárín òrùka máa ń jẹ́ kó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibì kan péré ló ń tì, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kán sí. Èyí tí wọ́n ń fi iná gáàsì yọ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ sá fún un, iná ti pa irin yẹn.

Ẹrù ẹ̀yìn kì í ṣe ẹrù iwájú

Ibí yìí ni wọ́n ti mú mi. Àpò oúnjẹ adìyẹ 24, kílò 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 600 kílò nìyẹn, mo wá rò pé bó ṣe tẹ ẹ̀yìn náà ló ṣe tẹ iwájú. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tèmi jẹ́ 3,085 mm. Tẹ́ẹ bá wo bí ẹrù ṣe jókòó nínú bọ́dì, àárín ẹrù náà fi bíi 20 cm péré wà níwájú ásù ẹ̀yìn (ìlà àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì). Ẹ fi 20 lọ́nà 600, ẹ fi 308.5 pín in: kílò 39. Nínú 600 kílò, 39 ló dé iwájú, kò pé 20 kílò lórí táyà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọdún márùn-ún ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Tẹ́ẹ bá wá kó pákó tàbí iṣu tó yọ kọjá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí àárín ẹrù bọ́ sẹ́yìn ásù ní 30 cm, iwájú á tún fúyẹ́ ní kílò 58. Ìdí nìyẹn tí sítíárì fi máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ tẹ́ẹ bá kó ẹrù àkójù lọ́nà Ayétòrò.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ẹrù inú bọ́dì ló ń dà yín láàmú, ẹ̀yìn lẹ máa lọ tọ́jú, ẹ fi ewé kan kún sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn, ẹ fi iwájú sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ohun tó ń tẹ iwájú gan-an ni ohun tó wà níwájú: bull bar, bátìrì kejì, ẹ́ńjìnnì dísù tí wọ́n fi pààrọ̀ ti pẹtiróòlù, wíǹṣì. Bull bar tèmi jẹ́ kílò 55, ó sì fi 80 cm wà níwájú ásù iwájú. Torí pé ó yọ jáde, ó ń fi ásù iwájú ṣe bí ìdí òṣùwọ̀n, ó ń gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀, kílò 69 ló wá gbé ka ásù iwájú dípò 55. Ẹ fi 55 lọ́nà 388.5, ẹ fi 308.5 pín in, ẹ máa rí i.

Ó yá, ẹ wọn ọkọ̀

Ẹ má ka iye kílò tó wà nínú ìwé ọkọ̀, ìwé ò mọ ohun tẹ́ẹ ti so mọ́ ọn. Àwọn kúárì tó wà lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ní òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn tírélà òkúta, tẹ́ẹ bá lọ nígbà tí tírélà ò tò, tẹ́ẹ kí wọn dáadáa, tẹ́ẹ rọra fún wọn lówó omi, wọ́n á jẹ́ kẹ́ẹ gùn ún. Ẹ jẹ́ kí epo kún táǹkì, kí ẹni tó ń wakọ̀ jókòó sínú ẹ̀, kí bọ́dì ẹ̀yìn ṣófo. Táyà iwájú nìkan lẹ máa gbé sórí òṣùwọ̀n, kí ti ẹ̀yìn wà lórí ilẹ̀ tó bá a dọ́gba, ẹ gbé gíà sí níútírà, ẹ fẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Tèmi jẹ́ 1,190 kílò níwájú, 595 lórí táyà kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe gbogbo 595 yẹn ni sípíríǹgì ń gbé o. Táyà fúnra ẹ̀ àti ríìmù, dísìkì bíréèkì, họ́ọ̀bù àti bí ìdajì lower arm (apá ìsàlẹ̀ tó so ìdí táyà mọ́ ṣásì), ilẹ̀ ló ń gbé ìyẹn. Mo gbé táyà pẹ̀lú ríìmù sórí òṣùwọ̀n oúnjẹ adìyẹ, kílò 29, mo fojú ṣírò ìyókù, mo yọ 55 kúrò. Ó ku 540 kílò tí sípíríǹgì kan ń gbé. Ẹ sọ ọ́ di newton, ẹ fi 9.81 lọ́nà ẹ̀, nǹkan bíi 5,300.

Lẹ́yìn èyí ẹ wọn gíga. Ẹ wá ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú, èyí tí ò rọrùn rárá nínú ìlú tó jẹ́ pé abẹ́ òkúta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, èmi lo iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ní Pánṣẹ́kẹ́ lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n tilẹ̀kùn. Ẹ fọwọ́ tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́rin kó jó, kẹ́ẹ jẹ́ kó dúró fúnra ẹ̀. Ẹ wọ̀n láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà lókè, ọ̀tún àti òsì. Ẹ má wọ̀n láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà á tàn yín jẹ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé kọ iye ẹ̀ sára fẹ́ńdà níbẹ̀ kẹ́ẹ má bàa gbàgbé, kẹ́ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín lower arm àti bump stop náà.

Ẹ wọn sípíríǹgì fúnra ẹ̀

Kẹ́ẹ tó tú u, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan ṣì wà lára ẹ̀. Ti Toyota, nọ́ńbà páàtì sípíríǹgì iwájú 48131 ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ sì máa ń wà lára òrùka. Nọ́ńbà yẹn á jẹ́ kẹ́ẹ ra irú ẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n kò ní sọ líle ẹ̀ fún yín. Àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì àfikún máa ń kọ líle tiwọn sínú ìwé ọjà, ẹ lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ bá rí nọ́ńbà. Tó bá ti pa rẹ́, ẹ ṣírò ẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta lẹ máa wọ̀n. Èkíní ni bí irin ẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò dáadáa kí vernier tó kàn án, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe, ọ̀dà nípọn lára tèmi, mo ka 16.5 mm, nígbà tí mo fi pépà ìyanrìn ha á tán ó jẹ́ 16. Ẹ lè ní kí ni ìdajì mìlímítà? Ìdajì mìlímítà yẹn á fi nǹkan bíi ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìṣirò yín, torí pé bí irin ṣe nípọn sí, ọ̀nà mẹ́rin lẹ máa fi ara ẹ̀ lọ́po. Èkejì ni fífẹ̀ òrùka, ẹ wọ̀n ọ́n láti ìta sí ìta, kẹ́ẹ wá yọ irin kan kúrò, tèmi 116, mo yọ 16, ó ku 100 mm. Ẹ̀kẹta ni iye òrùka tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kà gbogbo ẹ̀, kẹ́ẹ yọ ibi tó sùn lé àwo lókè àti nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ kì í mì. Tèmi jẹ́ 8 àbọ̀, 1 àbọ̀ sùn, 7 ló ń ṣiṣẹ́.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Lókè: 79,000 lọ́nà 16 lọ́nà 16 lọ́nà 16 lọ́nà 16. Nísàlẹ̀: 8 lọ́nà 100 lọ́nà 100 lọ́nà 100 lọ́nà 7. Ẹ fi ti ìsàlẹ̀ pín ti òkè. 79,000 yẹn ni ti irin sípíríǹgì, kì í yí padà láti ọkọ̀ kan sí èkejì. Ó jáde sí 92 N/mm.

Tí òrùka ẹ̀ bá fún pọ̀ lápá kan tó sì ya ara lápá kejì, ìyẹn máa ń le sí i bó bá ṣe ń wọlé ni, ìṣirò yìí ò ní bá a mu, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ bíárìn, tí gééjì bá wà lára ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé 20 mm, ẹ ka gééjì, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ 20, ẹ tún kà á.

Apá ló ń jẹ agbára

Ẹ ti ilẹ̀kùn nídìí híńjì wò, kẹ́ẹ tún tì í níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Hilux. Sípíríǹgì ò jókòó sórí táyà, àárín lower arm ló jókòó sí, nítorí náà 92 yẹn kọ́ ni táyà ń rí.

Ẹ wọ̀n láti ibi tí lower arm ti so mọ́ ṣásì dé ibi tí bóòtù ìdí ṣọ́ọ̀kì (shock absorber, ọ̀pá àárín sípíríǹgì tó ń dá ìjó ọkọ̀ dúró) wà, tèmi 24 cm. Ẹ wọ̀n láti ibi kan náà dé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, níbi tí apá náà ti so mọ́ ìdí táyà, 40 cm. 24 pín sí 40 jẹ́ 0.6. Ṣọ́ọ̀kì náà ò sì dúró ṣánṣán, ó fi ara lé inú bíi 20 dìgírì, ẹ tẹ cos 20 lórí fóònù, 0.94, ẹ fi lọ́nà ẹ̀, ó di 0.56. Ìgbà méjì lẹ máa fi 0.56 yìí lọ́nà 92, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ẹ̀ẹ̀kan torí pé tí táyà bá rin mìlímítà kan, 0.56 péré ni sípíríǹgì rìn, ẹ̀ẹ̀kejì torí pé agbára tí sípíríǹgì fi tì, apá ti jẹ nínú ẹ̀ kó tó dé ìdí táyà. 0.56 lọ́nà 0.56 jẹ́ 0.31. 92 lọ́nà 0.31 jẹ́ 28.5 N/mm nídìí táyà.

Ìdí nìyẹn tẹ́ẹ ò gbọdọ̀ yá nọ́ńbà ọkọ̀ kan lò fún òmíì. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, èyí tí bàbá mi wà títí ó fi fẹ̀yìntì, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì iwájú ẹ̀ dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, apá ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ 28.5 kan náà nídìí táyà 504, sípíríǹgì bíi 31 ti tó. Ẹni tó bá gbé 31 yẹn sábẹ́ Hilux, imú ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ilẹ̀ gbálẹ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣirò mi tọ̀nà, mo bá ya àpò síméńtì mẹ́rin lọ́wọ́ aládùúgbò mi tó ń kọ́lé, 50 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi pákó lé bull bar, a to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ẹ̀. 200 kílò níbi tó jìnnà sí ásù ní 80 cm, 252 kílò ló máa dé ásù, 126 lórí táyà kan, newton 1,236. Tó bá jẹ́ 28.5 lóòótọ́, imú gbọ́dọ̀ sọ̀ ní 43 mm. A tẹ imú ọkọ̀ kó jó, a jẹ́ kó dúró, mo wọ̀n ọ́n: 41. Mo pariwo tí ìyàwó aládùúgbò mi fi jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ mìlímítà méjì yẹn, rọ́bà búṣìn tó wà nídìí apá ló fà á, òun náà máa ń ran sípíríǹgì lọ́wọ́ díẹ̀.

Ẹ yan èyí tẹ́ẹ máa rà

Ọkọ̀ tẹ́ẹ bá tẹ̀ tẹ́ẹ fi sílẹ̀, ó ní iye ìgbà tó fẹ́ jó lókè-nísàlẹ̀ láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan. Tí ìgbà náà bá kéré jù, ọkọ̀ á máa mì bí ọkọ̀ ojú omi, tó bá pọ̀ jù, eyín yín á máa gbá ara wọn. Bẹ́ẹ ṣe máa rí i: ẹ fi líle ìdí táyà pín agbára tó wà lórí ẹ̀, ẹ sọ èsì ẹ̀ di sẹ̀ńtímítà, ẹ tẹ √, ẹ fi èyí pín 5. Tèmi: 5,300 pín sí 28.5 jẹ́ 186 mm, 18.6 cm, √ ẹ̀ jẹ́ 4.31, 5 pín sí ìyẹn jẹ́ 1.16. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó rọ̀ máa ń wà láàárín 1 sí 1.3. Fún píkọ́ọ̀pù tó ń gbé bull bar, tó sì ń rin títì tó dáa àti ọ̀nà oko, èmi fẹ́ràn 1.3. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà oko nìkan lè dé 1.4. Kí iwájú má ju ẹ̀yìn lọ ṣá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ṣófo ti le gan-an tẹ́lẹ̀, ìyẹn kì í sábà jẹ́ wàhálà.

Ká wá padà sẹ́yìn láti 1.3. 5 pín sí 1.3 jẹ́ 3.85, ẹ fi ara ẹ̀ lọ́po, 14.8 cm, ìyẹn 148 mm. 5,300 pín sí 148 jẹ́ 35.8 nídìí táyà. Ẹ fi 0.31 pín in: 115 N/mm, tó jẹ́ 657 lb/in. Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Tẹ́ẹ bá ní irin 17 mm tí òrùka ẹ̀ fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ìṣirò ẹ̀ á jáde sí 118. Mìlímítà kan péré ló fi nípọn ju èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi lọ. Láàárín 110 sí 120, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Gígùn ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹyin mi ti fọ́. Lórí ọkọ̀ mi, agbára tó ń tẹ sípíríǹgì jẹ́ 5,300 pín sí 0.56, bíi 9,460 newton. Sípíríǹgì 92 á wọlé 103 mm lábẹ́ ẹ̀, ti 115 á wọlé 82. Tí gígùn wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, tuntun á fi 21 mm gùn jù, apá á sì sọ ọ́ di 37 mm nídìí táyà. Imú tèmi ò sọ̀ ju 20 mm lọ, bull bar ló fa 12, ọjọ́ orí ló fa ìyókù, nítorí náà 20 ni mo fẹ́ gbà padà, ìyẹn 11 mm lára sípíríǹgì. 21 yọ 11, mo gbọ́dọ̀ ra èyí tó fi 10 mm kúrú ju ògbólógbòó mi lọ. Ẹ rí i pé ẹni tó bá kàn fojú wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó gùn jù ló máa gbé.

Èyí tí wọ́n tà fún mi lọ́jọ́ kìíní ńkọ́? Ó ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo lọ wọ̀n ọ́n. Irin 18 mm, 148 N/mm, gígùn ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ó wọlé 64 mm péré lábẹ́ ọkọ̀ mi, imú gbé sókè ní sẹ̀ńtímítà méje. Iye tó ń jó ní sẹ́kọ́ǹdì kan tiẹ̀ jẹ́ bíi 1.47, ìyẹn nìkan ò ní fọ́ ẹyin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀kì ti na tán pátápátá kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, tí táyà bá fẹ́ wọ kòtò, kò síbi tó tún fẹ́ na sí, á kàn fà á já pọ́ún. Ariwo tí mo rò pé ó ń gbá òkè ni, ìsàlẹ̀ ló ń gbá! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ wọn àlàfo bump stop: tó bá ti tóbi jù, ìrìn ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Nínú gbogbo ìrìn táyà, ẹ jẹ́ kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ṣẹ́ kù fún sísọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò.

Ẹ tún wò ó kí òrùka má gbára lé ara wọn kí táyà tó kan bump stop. Ẹ fi iye òrùka lọ́nà ìnípọn irin: 8 àbọ̀ lọ́nà 17 jẹ́ bíi 145 mm. Tí sípíríǹgì bá gùn 350, tó wọlé 82, ó ku 268. Tí táyà bá tún gòkè 100 mm, 56 ló máa kàn án, ó ku 212, àlàfo ṣì wà dáadáa.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà ní Láfẹ́nwá tàbí níbikíbi, ẹ mú vernier dání, kójú má tì yín. Méjì-méjì lẹ máa rà á. Ẹ gbé méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wo orí wọn. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ti ọ̀tún àti ti òsì ò dọ́gba látiléeṣẹ́, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò sára ẹ̀, pàápàá níbi tó ń sùn lé àwo, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Tí kò bá ní sípíríǹgì olórùka ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ń rìn níbí, torsion bar ló wà níwájú wọn: àwọn Hilux àtijọ́, Nissan àtijọ́, L200 tó ṣáájú 2005, Ranger tó ṣáájú 2011. Irin gbọọrọ tó sùn lábẹ́ ṣásì ni, tó ń lọ́ra. Bóòtù tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tí mẹkáníìkì máa ń fún mọ́lẹ̀ tó sì máa ń ní "ó ti le báyìí", irọ́ ni, gíga ló ń yí, kò kan líle. Ó ń le lára yín torí pé ẹ ti jẹ ìrìn tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ẹyin mi náà ni. Tẹ́ẹ bá fẹ́ líle, irin tó nípọn sí i lẹ máa wá, láti 25 mm sí 26 mm, gígùn kan náà, ó fi ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Ẹ má fi ti ọ̀tún sí òsì, àmì L àti R máa ń wà lẹ́nu ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ti lọ́ ọ nìkan ló lè lọ́.

Nígbà tẹ́ẹ bá fẹ́ dè é

Sípíríǹgì tó wà lára ṣọ́ọ̀kì Hilux, bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ wà lórí jáàkì, ó ṣì ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò tì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi okùn táyà so ó kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì orí ẹ̀, okùn já, àwo orí ẹ̀ gba àárín ọmọọṣẹ́ méjì kọjá, ó wọ ara géètì. Ohun tí wọ́n fi ń tẹ sípíríǹgì wà, méjì ni, ọ̀tún kan òsì kan, kẹ́ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, kí orí ẹnikẹ́ni má sì wà lọ́gangan ẹ̀. Tí mẹkáníìkì yín ò bá ní i, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní i.

Ṣọ́ọ̀kì tó ti ń jò ò lè di sípíríǹgì 115 mú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bóòtù lower arm, ẹ má fún un pa nígbà tí táyà bá wà lókè, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ balẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró kẹ́ẹ tó fún un gírígírí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ rọ́bà búṣìn á lọ́, á sì ya láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó díẹ̀, tèmi fi 4 mm sọ̀. Ẹ padà síbi kọnkéré yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé fẹ́ńdà, ẹ fi wé èyí tẹ́ẹ kọ. Ìgbà yẹn lẹ tó máa lọ ṣe alignment, torí pé bí imú ṣe gòkè, táyà ti yí ojú padà, ẹni tó bá ṣe é kí sípíríǹgì tó jókòó á tún owó san. Ẹ tún iná iwájú wálẹ̀ náà o, tèmi ń wọ àwọn tó ń bọ̀ lójú lálẹ́ ní Ọbańtokó, ọlọ́kadà kan ló sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi kí n tó mọ̀.